Ọ̀pá Bàbá Dé Họ́lándì

Rotterdam, oṣù kọkànlá, 1996

Màámi,

Ẹ bá mi yọ̀, mo ti yege ìdánwò èdè Họ́lándì! Ọ̀rọ̀ wọn gùn bí ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́: wọ́n á so méjì pọ̀, á di ẹyọ kan. Èmi a sì máa kọ gbogbo sílébù rẹ̀ lórin bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé, tíṣà á máa mirí. Àfi ìgbà tí mo rántí bí Bàbá wa olóògbé ṣe máa ń fi ọ̀pá lu tábìlì níwájú àwọn akọrin Mẹ́tọ́díìsì: ìró àkọ́kọ́ á le, ìyókù á rọ̀.

Tíṣà gbé ìdánwò náà wá bá mi níbí. Mo bá gbá irin bẹ́ẹ̀dì: ZIE-ken-huis! Ilé àwọn aláìsàn nìyẹn. Tíṣà fò sókè, àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ má bi mí pé kí ni nọ́ọ̀sì ń wá níbi ìdánwò. Ara mi le. Oúnjẹ wọn ò níyọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e wá bá mi lórí ìjókòó.

Ẹ bá mi kí Julianah àti gbogbo akọrin yòókù. Nọ́ọ̀sì tó máa bá mi fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ náà kí yín.

Ọmọ yín,
Tinúolúwa