Sọ́fítíwíà Tí Ọ̀gá Mi Pè Ní Tirẹ̀

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko. Ọ̀gá mi ní kí n lọ máa sinmi nílé, ìsinmi náà sì dùn.

Ṣé ẹ rántí sọ́fítíwíà tí ọ̀gá mi ń tà fún àwọn ilé ìwòsàn, tó ní òun ló kọ ọ́? Irọ́ ni! Àwọn tó kọ ọ́ ti gbé kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì, ló bá pè mí lólè.

Mo wá kóòdù náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi kọ́ sọ́fítíwíà ọ̀hún látìpìlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ké pé èyí kù, tọ̀hún ò bá a mu. Mò ń tún un ṣe títí ó fi ṣiṣẹ́. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà dókítà kan tó jẹ́ oníbàárà ọ̀gá.

Dókítà ní, "Ohun kan náà nìyí!" Ó pe ọ̀gá lórí fóònù níṣojú mi. Ẹnu tó fi pè mí lólè ló fi ń kálòlò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí àwọn oníbàárà yòókù." Màmá, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Kí wọ́n má pe ọ́fíìsì mọ́, fóònù ibẹ̀ ò dáa. Pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mò ń sùn. Ó fẹ̀ dáadáa.

Ọmọ yín