Ìbọn Kejì Tó Wà Nínú Yàrá Ẹrù Eré

Èmi, Bólúwadúró Adélàjà, ọmọ bíbí Ìkòròdú, tí ilé mi wà ní àdúgbò Agric, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe wèrè. Mo yan ìyàwó mi, Mùnírátù, àti àbúrò mi, Benjamin, pé kí wọ́n mú ohun tí mo bá wí níhìn-ín ṣẹ.

1. Ilé tí mo ń gbé àti ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, mo fi wọ́n fún Mùnírátù. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi má ṣe sọ fún un pé ará Ẹ̀pẹ́ ni, tàbí pé mọ́sálásí ló ń lọ. Ẹ ti sọ ọ́ tó nígbà tí mo fẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ eléré wa ni láti wá ẹrù àtijọ́ tí a ń lò lórí ìtàgé: pótómáńtò, bẹ́ẹ̀dì onírin, abọ́ tánganran. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìgboro Èkó, apá wa kò ká a. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ti ilé dé ilé ní Àgbówà, Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, tí mo ń bèèrè ohun tí àwọn àgbà ti gbé sórí àjà tí wọ́n sì ti gbàgbé. Ní Ẹ̀pẹ́, Mùnírátù gbé láńtánì bàbá rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ nù o. Màá wá wò ó." Ó sì wá wo eré náà lóòótọ́. Láńtánì ló wá wò, kì í ṣe èmi. Nígbà tó tún padà wá, mo mọ̀ pé kì í ṣe láńtánì mọ́.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi àti pẹ́pẹ́yẹ, kí Benjamin kó wọn. Ó pẹ́ tó ti ń sọ pé n kò mọ ẹran sìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ ọ́ níbi ìsìnkú mi.

3. Aago ògiri tó wà ní pálọ̀ kì í ṣe tèmi. Ìdílé kan ní Àgbówà ló yá wa. Kí ẹ dá a padà fún wọn, kí ẹ sì dúpẹ́.

4. Gbogbo ẹrù eré tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn, mo fi wọ́n fún ọmọbìnrin mi, Toyyibah, àfi ohun kan ṣoṣo. Ó wà lábẹ́ àwọn àga, a fi ẹní wé e. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìbọn ni, mo sì gbà pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe dé ilé mi nìyí. Ní ìgbà òjò tó kọjá, a fẹ́ ṣe eré kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba máa ń gbé ìbọn gígùn nínú rẹ̀. Mo lọ sí Èjìnrìn. Ìyá Àsíátù, opó ọdẹ kan, fa ṣakabùlà méjì yọ lẹ́yìn ìkòkò omi. Agbòjò tuntun ni mo fi pààrọ̀ wọn. Ó ní, "Gbé wọn lọ, ọmọ mi. Baba Àsíátù kò yìn wọ́n mọ́ kó tó kú."

Mo sọ fún Abọ́dúnrìn, olórí ẹgbẹ́ wa, pé kó jẹ́ kí ọdẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ó rẹ́rìn-ín. "Bólúwadúró, irin tó ti dípẹtà, kí ló tún kù tó lè ṣe?" Mo jáde lọ wá ọdẹ. Kí n tó dé, ó ti gbé ọ̀kan lọ síbi ìdánrawò.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ìbọn náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín bo gbogbo inú gbọ̀ngàn. Mo ń pe Toyyibah, tó wà níbi ìdánrawò pẹ̀lú wọn, kò dáhùn. Ìsàlẹ̀ pákó tí a kun fún eré ni mo ti rí i, ó ká jọ, pákó òkè orí rẹ̀ sì ti lu bí ajere. Ó ń wo ẹnu mi, kò gbọ́ ohun tí mo ń wí. Etí òsì rẹ̀ kò tíì là títí di òní.

Láti ọjọ́ náà ni ìbọn kejì ti wà nínú yàrá yẹn. Bí alángbá bá sáré lórí páànù, àyà mi á já. Bí abọ́ bá bọ́ nílé ìdáná, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀. A kì í kan ìṣó mọ́ nínú ilé wa.

5. Aṣọ eré àti orúkọ ẹgbẹ́ wa, mo fi wọ́n fún Abọ́dúnrìn. Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ, kò sì ránṣẹ́. Toyyibah ló ní kí n kọ ọ́ síbí pé: "Bàbá, ẹ sọ fún un pé mo ṣì ń fi etí kejì gbọ́ràn." Kó padà wá.

6. Ọdẹ kan láti Àgbówà, Tìrìmísíyù, ti dé láti tú ìbọn náà. Mo ti lọ sọ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbé e jáde sí títì pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé àwọn àga kúrò lórí rẹ̀. Benjamin ní òun á ṣe é, mo kọ̀. Èmi ni mo gbé e wọlé. Bí ó bá burú, kí ẹ má ṣe bi ọdẹ náà léèrè ohunkóhun.

Tìrìmísíyù rí mi tí mo ń kọ ọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí mi lẹ ṣe ń kọ ìwé ìhágún?" Mo ní nítorí ìbọn ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo fọwọ́ sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2007.
Bólúwadúró Adélàjà
Àwọn ẹlẹ́rìí: Tìrìmísíyù, ọdẹ, Àgbówà; Kúlúsúmù, aládùúgbò, Ìkòròdú.

Àfikún, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà

A gbé àwọn àga kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe gbé èyí tó kẹ́yìn, ẹní tú, ìbọn náà yọ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ikùn mi. Tìrìmísíyù rọra sọ pé, "Ẹ má mira, ẹ̀gbọ́n." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó yí i sí ara ògiri bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn. Ó bu omi sí i lẹ́nu, ó jẹ́ kó rin, ó sì fi wáyà fa ohun inú rẹ̀ jáde: ẹ̀tù dúdú àti èérún irin, ó kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun àti Benjamin ti gbé ìbọn òfìfo náà lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n sì ti padà dé.

Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà ti di ti Toyyibah báyìí, láìyọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìyókù dúró bí mo ṣe kọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mi wá jókòó sí apá òsì mi, kí etí tó ń gbọ́ lè súnmọ́ mi.

Bí ìfọwọ́sí yìí kò bá jọ ti òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọwọ́ mi ni. Ó ṣì ń gbọ̀n ni.

Bólúwadúró Adélàjà
Àwọn ẹlẹ́rìí: Tìrìmísíyù, Kúlúsúmù.