Ẹni Tó Ń Jókòó Ti Àwọn Aláìsàn Wa ní Jọs

Angwan Rukuba,
Jọs.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó gbogbo wọn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n máa fi ẹnu lásán dọ̀bálẹ̀ báyìí. Mo kí Bàbá Ìsàlẹ̀ Ilé, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kí wọ́n rọra kà á, kí wọ́n má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ wọn.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ẹni tí mo ń bá wí mọ́ àfi adìyẹ mẹ́rin, wọ́n sì ń gbọ́ràn ju kíláàsì karùn-ún lọ. Àwọn ọmọ ọmọ yín wà ní Kàdúná, wọn kò sì tíì wá láti ìgbà òjò. Bí wọ́n bá wá, èdè Hausa ni wọ́n fi ń kí mi, èmi náà á sì fi Hausa dáhùn, nítorí ọmọ tó kúnlẹ̀ ti kúnlẹ̀, èdè yòówù kí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá lọ tán, ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Owó díẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú ìwé yìí wá. Ẹ fi ra aṣọ òtútù, ẹ má fi ṣe sàráà fún àwọn tó sanra jù yín lọ.

Mo ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nítorí ọ̀rọ̀ Búráímọ̀ ti kúrò ní ti èmi pẹ̀lú yín. Gbogbo ọmọ ìlú ló ti gbọ́ ààbọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ odindi.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa níbí. A ní alága, a ní igbákejì alága, a ní bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́, a ní olùdámọ̀ràn àgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn kankan lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìdajì wákàtí ni Alága fi máa ń sọ pé òun kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹgbẹ́ yìí ń ṣe, òun ló jẹ́ kí n lè fara da gbogbo ariwo yẹn. Nígbà tí àwọn ará wa kọ́kọ́ wá wa tánganran nínú kùsà níbí, ọkùnrin kan láti ìlú wa kú sí ọsìbítù. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, títí ẹ̀mí fi bọ́, kò sì sí ẹnìkan nínú yàrá náà tó gbọ́ èdè rẹ̀. Títí dòní a kò mọ ẹni tó ń pè. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn àgbà. Wọ́n ṣòfin pé ọmọ ìlú wa kankan kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ní Jọs kí ó má gbọ́ èdè ilé létí. Oníkálukú ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá a kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́: Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, ará Ìlọrin, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ń fi Yorùbá ké ìrora.

Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa máa ń sá. Ọjọ́ ọjà ni, ọkọ̀ kò sí, ikọ́ ń ṣe mí. Búráímọ̀ nìkan ni kì í sá. Ó tó ọdún mẹ́fà tó ti dé. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Angwan Rukuba, ó ń fi páànù rọ àdògán àti fìtílà. Ó ní ọmọ ìlú wa ni òun, ó dárúkọ agboolé rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú wa gan-an, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń sọ kí àwa tí a lọ sílé ìwé tó bà á jẹ́. Yóò gba ọjọ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Yóò fa àpótí náà súnmọ́ ibùsùn, yóò máa sọ ìròyìn ilé fún aláìsàn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, aláìsàn á sì dákẹ́ igbe.

N kò bèèrè irú ìròyìn tó jẹ́. Ìyá Sàrátù tó ń ta tòmátì ní Farin Gada ló kọ́kọ́ là mí lójú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí mo lọ kí i, ẹ̀rín músẹ́ ló ń rín. Ó ní Búráímọ̀ mú ìròyìn ìyá òun wá, pé ìyá òun ti rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ rẹ̀ tí ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́ sì ti bímọ. Mo bá a yọ̀. Ìgbà tí mo ti rìn dé ọ̀nà ni mo rántí pé èmi gan-an ni mo kọ ìwé ìbánikẹ́dùn ẹgbẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo sọ fún ara mi pé oògùn oorun tí wọ́n fún un ni. Olùkọ́ ni mí, gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ ní ìdí.

Lẹ́yìn náà ni òtútù àyà gbé èmi náà dè, láàárín òjò tó kọjá. N kò sọ fún yín, nítorí ẹ ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin. Búráímọ̀ jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ó ní Bàbá mi tó ti di olóògbé kí mi. Ó ní Bàbá ti rí igbá náà lábẹ́ ọlọ, inú kò sì bí wọn mọ́. Ìyá mi, ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo fọ́ igbá tí Bàbá fi ń mu ẹ̀kọ, tí mo ri àfọ́kù rẹ̀ mọ́ abẹ́ ọlọ yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n nà sí i. (Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kà á lọ.) N kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí. Mo wo ojú Búráímọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú ẹni tó ti jíṣẹ́ tán. Ara mi kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà mo sùn, irú oorun tí n kò tíì sùn láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tèmi. Alága fẹ́ fún Búráímọ̀ ní ìwé ẹ̀yẹ, kí wọ́n lè ya òun Alága ní fọ́tò níbi tí òun ti ń fún un. Òfin wa sì ni pé ẹni tí a bá fẹ́ yẹ́ sí, agboolé rẹ̀ ní láti kọ̀wé jẹ́rìí rẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ìwé tó dùn ún kà, mo fi rán yín sí agboolé wọn. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá dákẹ́. Òfin kejì ni pé a kì í ṣí ìwé tó bá ti ilé wá àfi lójú ìjókòó, kí akọ̀wé má baà yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Alága ṣe dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ká agbádá lé èjìká, ó sì fi ohùn ìwàásù ka èsì yín: pé ẹ dé agboolé náà fúnra yín; pé Búráímọ̀ tó mọ páànù rọ, tó ní àpá lábẹ́ etí òsì, ibà ló pa á nígbà ogun; pé wọ́n fi sàréè rẹ̀ hàn yín; pé Ráṣídì àbúrò rẹ̀ yóò wá ní Fráídè tó ń bọ̀ láti fojú ara rẹ̀ rí i; pé kí n má jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn mí. Bí Alága ti ń kà á lọ ni ohùn rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Búráímọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wà ní ọsìbítù. Ọjọ́ Alága ló ń bá a jókòó sí.

Àwọn kan ní àkúdàáyà ni, kí a lé e lọ. Olùdámọ̀ràn àgbà mú ìmọ̀ràn rẹ̀ àkọ́kọ́ wá, pé kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ẹgbẹ́ ní ta ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni irú wọn máa ń wá fara pamọ́ sí, àti pé ọjọ́ tí ẹbí bá fojú kàn wọ́n ni wọ́n ń lọ. Sàrátù, ọmọ tí a bí sí Jọs, tí Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ló wá dìde. Ó fi Hausa bẹ̀rẹ̀, ó ní tò, kí àwọn bàbá òun má bínú, tí ẹ bá lé e, ta ni yóò jókòó? Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wọ́ọ̀dù dé ni, èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò ní ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá Búráímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kí ó sọ fún mi pé orúkọ ló jọ orúkọ, tàbí pé ìyàwó ni òun sá fún. Mo ti bá a ronú èsì méjèèjì sílẹ̀. Kò mú ìkankan nínú wọn. Ó ń lu páànù rẹ̀, ó bi mí bóyá Ráṣídì ti hu irùngbọ̀n, nítorí eyín ọmọdé ló ń ká nígbà tí òun rí i gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ẹni tó ni ọjọ́ Fráídè. Ó ní ìyá arúgbó Èkìtì kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí kì í sùn bí a kò bá bá a sọ̀rọ̀, kí á má ṣe fi sílẹ̀ lóun nìkan.

Ọjọ́ Fráídè, mo lọ dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin. Èrò mi ni pé kí n mú Ráṣídì lọ sí Anglo Jos, kí ó jìnnà sí ọsìbítù, kí n fún un lóúnjẹ, kí n fi ìtàn ìlò èdè dí i létí títí yóò fi sú u. Mo ti fi irú rẹ̀ lé àwọn alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ lọ rí. Ṣùgbọ́n mọ́tò akẹ́rù ló bá wá, ẹnìkan ní gáréèjì sì ti júwe ọsìbítù fún un. Nígbà tí mo máa fi sáré débẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn onírùngbọ̀n kan ló jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí náà ṣì gbóná. Nọ́ọ̀sì ní màlámù, bí wọ́n ṣe ń pe Búráímọ̀ níbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Nọ́ọ̀sì náà ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò rí i kí ó kọjá. Àdògán tí Búráímọ̀ ń rọ lọ́wọ́ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì péré nínú mẹ́ta ló ní.

Ráṣídì sọkún bí ọmọdé. Ìyá arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ó sọ ìròyìn ilé. Ọmọ tí a kọ́ ni Ráṣídì, ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀: wọ́n ti ń da ọ̀dà sí ọ̀nà, iṣu ta lọ́dún yìí, ọba tuntun ti jẹ. Ìyá náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra fọwọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀, ó ní kì í ṣe ilé yẹn, ọmọ mi.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń jókòó jù. Alága náà ń wá ní ọjọ́ tirẹ̀, láìwọ agbádá. Ẹ jẹ́ kí n yìn ín fún ìyẹn. A ń sọ ìròyìn fún wọn, wọ́n ń fetí sí wa bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń fetí sílẹ̀ nígbà tí agogo kù díẹ̀ kó lù. Igbe ti padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí kò jẹ́ kí n sinmi, ó ń bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Mo pinnu pé n ó purọ́. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí i, pé ara rẹ̀ le, irọ́ kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lanu, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí ẹṣin tó tiro náà, ó sì ti ń gùn ún. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bá a. Ó bi mí pé ta ló sọ ti ẹṣin fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo bá ìyá Èkìtì náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. N kò ní kọ ohun tí mo sọ síbí. Ó sùn.

Ìyá mi, mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ń múra láti wá wò mí nígbà Àjíǹde. Mo ń jẹun. Ebi ń pa mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, ọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn àgbà ṣì ń bí mi nínú. N kò rò pé òtútù àyà yẹn pa mí; mo rò pé mo sàn ni. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, n kò sì fẹ́ fi ojú ẹbí dán an wò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má tíì wá.

Kí Ọlọ́run fi yín sílẹ̀ fún wa, kí ojú yín má ríbi, kí ọyẹ́ yìí fẹ́ kọjá lórí ilé yín láìkan ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn: àwọn tó wà nínú ilé, àti Bàbá, nígbà tí ẹ bá ń gbá ẹ̀gbẹ́ sàréè wọn.

Èmi ni, ọmọ yín,
Tíṣà.