Ẹ̀rọ Ọwọ́ Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú pé mo tún gbójú gbóyà kọ̀wé sí yín, lẹ́yìn tí mo ní n kò ní dà yín láàmú mọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbí. Ara mi le. Mo ń jẹun, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.

Ìyá tó ń kọ́ àwa olùṣèwádìí tuntun bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè owó ìwádìí ka tèmi lánàá. Ó nawọ́ sí àwòrán ẹ̀rọ tí mo ṣe, èyí tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa so mọ́ ọwọ́ sùn kó lè máa wọn ìfúnpá rẹ̀.

"Ta ló ti so ó sùn rí?"

"Bàbá mi ni, mà. Oṣù kan gbáko."

"Háà, o ò wá tètè sọ! Gbé e síwájú pátápátá. Ẹni tó lo ẹ̀rọ ni àwọn olówó ń wò."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé náà pé oṣù kan ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé alẹ́ kan péré ni Bàbá lò ó kí wọ́n tó jù ú sábẹ́ ibùsùn. Ojú tì mí láti béèrè ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń wọlé. Bí n kò bá rí owó yìí, kò sí ọdún kejì fún mi. Síbẹ̀, n kò fẹ́ fi irọ́ náà ránṣẹ́. Ẹ bá mi bi Bàbá bí ẹni ń ṣàwàdà: ṣé ẹ̀rọ náà fún wọn lọ́wọ́ jù ni, àbí ariwo rẹ̀ ni? Ohun tí wọ́n bá sọ ni n ó fi rọ́pò irọ́ náà.

Ẹ kí àwọn ọmọ. Kí lẹ́tà yìí má kúrò lọ́wọ́ yín o. Bàbá ṣì ń sọ fún aládùúgbò pé ọmọ àwọn kì í purọ́.

Àbúrò yín.