Opó Inú Awò

Àbúrò mi, ara mi le, mo sì ti ríṣẹ́. Eré ni. Èmi á jókòó sórí àga láìsọ̀rọ̀, àwọn òǹwòran á fi awò tó tóbi bíi ti ajórinmọ́rin bojú. Nínú awò yẹn, opó kan tí ẹ̀rọ yà, tí kì í ṣe èèyàn gidi, ni wọ́n ń rí, tó ń sunkún lórí àga mi. Wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú nílẹ̀ àjò níbí, ẹnikẹ́ni ò kí mi bẹ́ẹ̀ rí. Lánàá, mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ọmọ mi." Ọ̀gá tó ni eré náà bínú: "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń kí." Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó má baà lé mi.

Bá mi kí àwọn ará ilé. Sọ fún wọn pé àlejò ò wọ́n lọ́dọ̀ mi.