Àyà Tí Ọmọ Taoheed Ń Sùn Lé

Ọjọ́ Ajé, 7/7/2025
Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn tí Ọlọ́run fi kún wa lọ́dún yìí nìyí: Ummulkhair ọmọ mi lọ sílé ọkọ. Yẹ̀kínnì àbúrò mi gbé ìyàwó kẹta — orúnkún ń ro ó, ó tún ń fẹ́yàwó. Lánàá, Bàlíkísù, ìyàwó Taoheed ọmọ mi, bí ọmọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló jẹ́ kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Oṣù ọmọ kò pé. Kílò kan ààbọ̀. Àmọ́ imú mi ló gbé wáyé!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8/7
Mo gbé kànìnkàn tuntun, ọṣẹ dúdú àti òrí lọ sí ọsibítù. Nílé wa, ìyá bàbá ní í wẹ ọmọ. Nọ́ọ̀sì Sẹ̀gilọlá ní rárá, òtútù lè pa irú ọmọ báyìí. Kí ẹnì kan gbé e lé àyà, ara sí ara, tọ̀sán-tòru. Bàlíkísù kò tíì lè jókòó. Ta ni wọ́n wá gbé ọmọ fún? Ìyá Bàlíkísù! Ẹlẹ́ja Ìwáyà — orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn, torí ó ń yan ẹja tà ní Ìwáyà. Fìlà ọmọ ń yọ lọ́rùn bùbá rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i.
Ó ní, "Ìyá Taoheed, ẹ wo bó ṣe ń mí sí mi lára."
Mo rí i.
Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń tún orí ọmọ ṣe.

Ọjọ́rú, 9/7
Ẹlẹ́ja ti ya fọ́tò. Ó ti kárí gbogbo ẹbí. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10/7
Ìtìjú. Mo fi lọ́fínńdà ra àyà, kí ọmọ lè mọ̀yàtọ̀ ìyá àgbà àti ẹja. Nọ́ọ̀sì gbóòórùn mi láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Mọ̀mí, níbo ni ìnáwó wà? Ọmọ tó ń wá èémí, lọ́fínńdà lẹ fẹ́ kó fà símú?" Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín títí fìlà ọmọ fi ń mì.

Ọjọ́ Àìkú, 13/7
Àlùfáà sọ orúkọ sí ọmọ létí, jẹ́jẹ́: Àbdùlsàmàd. Kò sí ìnáwó. Owó tí mo fẹ́ fi ra léèsì ìkómọ ṣì wà nílẹ̀. Orí àyà Ẹlẹ́ja náà ni ọmọ ti gborúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15/7
Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé, Ẹlẹ́ja kò dáná sí ààrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un: ẹni tó ń yan ẹja kò gbọdọ̀ gbé ọmọ yìí, nítorí èéfín. Ó fi ẹja sílẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni.
Ó dùn mí. Ó tún bí mi nínú — kí ló dé tó fi ní láti dára tó bẹ́ẹ̀?
Nọ́ọ̀sì ní kí n fi omi àti ọṣẹ lásán wẹ̀ wá lọ́la.

Ọjọ́rú, 16/7
Wọ́n so ó mọ́ mi láyà! Kò wúwo ju ìdí ẹ̀fọ́ kan lọ. Ó ń sunkún. Ẹlẹ́ja sọ sí mi létí jẹ́jẹ́: "Ẹ rọra máa mí. Èémí yín ló máa tẹ̀ lé." Mo rọra mí. Ó dákẹ́. Wákàtí méjì gbáko.
Lẹ́yìn náà wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹlẹ́ja kò mọ̀wé. Ó ní kí n ka káàdì fún òun. Kílò 1.6. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó lè gbọ́ dáadáa.
Nígbà tí wọ́n gbé e padà fún un, kò sunkún rárá.

Jímọ̀, 18/7
Mo ti ní kí Taoheed fi owó léèsì mi ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́ja, kó fi ra ẹja tútù, kó padà sídìí ààrò rẹ̀. Taoheed ní, "Màmá, inú yín mà dára o."
Ẹni tó ń yan ẹja kò gbọdọ̀ gbé ọmọ yìí. Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.
Ọ̀kẹ́ méjì náírà ni owó léèsì náà.