Orúkọ Ìyá Rẹ Níwájú Mọ́tò

Ilé Ọlátúbọ̀sún,
Ìtàjí-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 1963.

Akínlolú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ Àpápá kò ni ọ́ lára jù? Ọlọ́run tó mú ọ wọnú ọdún tuntun kò ní jẹ́ kí ẹrù tí ẹ ń fi ẹ̀rọ gbé sókè já lé ọ lórí. Gbogbo wa la wà láàyè, n ó sì sọ fún ọ bí ó ṣe kù díẹ̀ kí n má lè kọ gbólóhùn yẹn. Iṣu ta dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù tí o rà ránṣẹ́ sí wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nínú lẹ́tà tí o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ Ayọ̀kúnlé tó ń wà á, o ní kí a kọ orúkọ ìyá rẹ sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má tún kú ní Ìtàjí bí ìyá rẹ ṣe kú, lórí ìlẹ̀kùn tí a gbé e lé, tí a ń fẹsẹ̀ gun òkè tó wà kí á tó dé Ọ̀yẹ́, tí a ń retí lọ́rì tí kò wá. Mo sunkún nígbà tí mo ka lẹ́tà náà. Mo ní kí káfíńtà gé pátákó ìrókò kan, kí ó fẹ̀ tó orí bẹ́ẹ̀dì, kí ó sì fín ALICE ÌYÁ WA sí i. Káfíńtà bi mí pé ṣé ẹ̀yìn mọ́tò ni kí òun kàn án mọ́. Mo bínú sí i, mo ní ta ló ń gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn. Iwájú gan-an ni mo ní kí wọ́n dè é mọ́, níbi irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó tò bí eyín, torí èmi rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, pé àwọn òyìnbó tó ṣe mọ́tò fi àyè yẹn sílẹ̀ kí olúkúlùkù lè rí ibi kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí. Pátákó náà bo gbogbo rẹ̀. Ó rẹwà, Akínlolú. Àlùfáà gbàdúrà sí i lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mọ́tò ti ń gbóná. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé òkè Ọ̀yẹ́ yẹn, omi inú rẹ̀ á máa hó bí omi tí a fẹ́ fi ro ẹ̀kọ, èéfín á bo iwájú, ẹ́ńjìnnì á kú. Ayọ̀kúnlé pààrọ̀ omi. Ó wo bẹ́líìtì tó ń yí fáànù, ó ní ó le dáadáa. Ó wo àwọn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, kò rí ibi tó ń jò. Ó tú rádíétọ̀, ìyẹn táńkì omi tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde fi mọ́. Síbẹ̀ ó ń hó. Èmi kò sọ fún un, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé mo mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Ibi tí ìyá rẹ ti gbẹ́mìí mì náà ló ń kú sí, mo sì gbà pé Alice ni kò fẹ́ kọjá níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà mo máa ń sọ̀kalẹ̀, n ó ṣí fìlà, n ó máa bẹ̀ ẹ́, n ó sọ bí ilé ṣe rí fún un, n ó ní iṣẹ́ rẹ̀ la ń jẹ́. Bí mo bá ti bẹ̀ ẹ́ tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, tí Ayọ̀kúnlé sì bu omi sí i, mọ́tò á gbéra. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Àníkẹ́ ìyàwó Ayọ̀kúnlé ti ń rọbí fún ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ọmọ náà dábùú, kí a máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó kíákíá. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, a gbé e lé e. Ní agbedeméjì òkè, mọ́tò hó, ó dúró. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí fìlà, mo ń bẹ ìyá rẹ, Àníkẹ́ sì ń ké lẹ́yìn mi pé bí òun ó bá kú, kí a gbé òun padà sí ulé, kí òun má kú sójú ọ̀nà bíi Màmá Akínlolú. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin.

Ọlọ́run ló rán Adékúnlé, mẹkáníìkì kan ará Ìkọ̀lé, tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ọ̀yẹ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì, kò jẹ́ kí Ayọ̀kúnlé ṣí ìdérí rádíétọ̀, ó ní omi gbígbóná á bó o lójú. Ó wá síwájú, ó wo pátákó, ó bi wá pé ta ló dí mọ́tò nímú. Ó ní irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn ni atẹ́gùn ń gbà wọlé fẹ́ sí rádíétọ̀ lára kí omi inú rẹ̀ lè tutù, pé lórí ilẹ̀ títẹ́jú mọ́tò lè fara dà á, ṣùgbọ́n tó bá ń fi agbára gun òkè, ooru á pa á. Ó ní kí a yọ pátákó. Mo dì í mú, mo ní ìyàwó mi nìyí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní òun gbọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹnìkan ló wà lẹ́yìn yẹn náà, ìyẹn ṣì ń mí.

Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tú u. Ojú tì mí. Èmi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má kú mọ́, èmi náà ni mo gbé orúkọ ìyá rẹ dí ọ̀nà. Adékúnlé ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù díẹ̀, ìdúró yẹn kò tán bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ nínípọn ṣí ìdérí ní díẹ̀díẹ̀, ó ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ bí òun ṣe ń rọ omi sí i, torí omi tútù lójijì lè sán irin rẹ̀. A gbéra. Mo jókòó ti Àníkẹ́ lẹ́yìn, pátákó wà lórí itan mi. A gun òkè yẹn tán, mọ́tò kò hó. A dé Adó, kò hó.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọbìnrin ni. Tìyátọmọ wà láàyè, Àníkẹ́ sì ní Alice ni òun ó fi ṣe orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Nítorí náà ìyá rẹ kò bá wa jà rárá, òkè lásán ni. Ohun kan ló ń dùn mí tí n kò lè sọ fún ará ilé: bí mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti mọ́ mi lára. Ní báyìí mọ́tò kì í dúró mọ́, a kàn ń kọjá ni.

Mo gbọ́ pé o gbé fọ́tò ìyá rẹ kọ́ sínú yàrá rẹ. Jọ̀ọ́, wò ó dáadáa, tó bá jẹ́ ojú fèrèsé ni, tètè gbé e kúrò níbẹ̀. Kí o sì bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọ̀dà funfun, torí mo fẹ́ kun lẹ́tà orí pátákó náà kí a tó dè é padà, lẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí. Ó pẹ́ kí ọkàn mi tó gbà á. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà tí o ń kọ́ ìrìn nínú àgbàlá wa. Èmi ni mo wà níwájú, tí mo ń fi iṣu sísun pè ọ́. Ẹ̀yìn rẹ ni ìyá rẹ wà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí o má bàa fi ìpàkọ́ ṣubú.

Kí Ọlọ́run máa lọ níwájú rẹ, kí ọwọ́ ìyá rẹ má kúrò lẹ́yìn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jacob Ọlátúbọ̀sún.